Abọ́, Ìgò Epo àti Oòrùn Ẹ̀ẹ̀rùn: Bí A Ṣe Ń Kun Àwòrán Ohun Ilé l'Ákùúrẹ́

Kí ẹ tó ronú irú abọ́ tí ẹ máa kùn, ẹ lọ wo fèrèsé ilé yín ná. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú àwòrán yìí, àwòrán ohun ilé tí wọ́n tò sórí tábìlì (still life), abọ́ àti èso ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Wọ́n á to gbogbo rẹ̀ sáàárín pálọ̀, wọ́n á tan gílóòbù sí i lórí, wọ́n á kùn ún títí, wọ́n á wá máa bi ara wọn pé kí ló dé tí àwòrán náà fi rí ràdàràdà. Abọ́ kọ́ ló ṣẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni wọn ò wá.

Ẹni tó bá ṣe Fine Art ní sẹ́kọ́ńdírì á rántí tábìlì kan níwájú kíláàsì: ìgò kan, ike kan, bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ lórí aṣọ, tí tíṣà á ní ká yà á kí aago tó lù. Ìdánwò la kà á sí, a ò kà á sí iṣẹ́ gidi. Ó sì ní ohun tó fà á. Aina Onabolu (1882–1963), tó jà fitafita kí wọ́n tó gba ẹ̀kọ́ àwòrán wọ ilé ẹ̀kọ́ nílẹ̀ wa, àwòrán ojú èèyàn ló fi lókìkí. Akinola Lasekan, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bí ní 1916, àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn West African Pilot ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Abọ́ ìdáná kò rí alágbàwí. Bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Faransé, ìkòkò bàbà àti àlùbọ́sà wà lára ohun tí Jean-Siméon Chardin (1699–1779) fi di ẹni ńlá, nílẹ̀ Ítálì sì rèé, Giorgio Morandi (1890–1964) lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìwọ̀nba ìgò àti àwo kan nínú yàrá rẹ̀ ní Bologna. Ó tilẹ̀ máa ń fi ọ̀dà tí kì í dán kun àwọn ìgò náà lára kí dídán wọn má baà yọ ọ́ lẹ́nu.

Ohun tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí ni bí ẹni tó ń gbé Àkúrẹ́, tàbí Oǹdó, tàbí Ìdànrè, ṣe lè fi ohun tó wà ní kíṣìnnì rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti Oṣù Kọkànlá títí wọ Oṣù Kẹta.

Fèrèsé wo, aago mélòó?

Ìwé òyìnbó á ní kí ẹ wá fèrèsé tó kọjú sí àríwá, torí pé lọ́dọ̀ tiwọn, oòrùn kì í sábà wọ ibẹ̀. L'Ákùúrẹ́, ìdajì ọdún péré ni ọ̀rọ̀ yẹn fi jẹ́ òótọ́. Ìlú wa fi nǹkan bíi dígírì 7 wà lókè ìlà agbedeméjì ayé. Láti ìparí Oṣù Kẹsàn-án títí di nǹkan bí ọjọ́ 20 Oṣù Kẹta, ọ̀nà gúúsù ni oòrùn ń gbà kọjá, kò ní fojú kan fèrèsé àríwá láti àárọ̀ dalẹ́. Tí òjò bá ti wọlé dáadáa, pàápàá ní Oṣù Kẹfà àti Ìkeje, ó ti yí padà nìyẹn: oòrùn ti bọ́ sí apá àríwá, fèrèsé gúúsù ló kù tí oòrùn kò ní gbà wọlé. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa bá fèrèsé kan ṣoṣo jà yípo ọdún. Kọ́ńpáàsì wà nínú fóònù yín; ẹ gbé e dúró sójú fèrèsé kọ̀ọ̀kan kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀.

Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, fèrèsé àríwá ni kí ẹ mú lẹ́ẹ̀rùn. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ló ń gba ibẹ̀ wọlé, kì í ṣe oòrùn fúnra rẹ̀. Òjìji á rọ̀, ibi tó bá wà láago mẹ́sàn-án, ẹ ṣì máa bá a níbẹ̀ láago mọ́kànlá. Ẹ lè jókòó pẹ́, ẹ lè ronú.

Èmi ní tèmi, fèrèsé ìlà-oòrùn ni mo yàn láàyò. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn á gba ibẹ̀ wọlé tààrà, á dúró sórí tábìlì, òjìji á gé ṣáká. Àmọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ìparí Oṣù Kejìlá, oòrùn ń yọ ní bí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá fi máa di aago mẹ́jọ, kò tíì ju dígírì 16 lọ sókè, ìgò tó ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà á na òjìji tó lé díẹ̀ ní mítà kan sílẹ̀. Láago mẹ́sàn-án, òjìji yẹn ti sún kì, kò ju nǹkan bíi 55 sẹ̀ǹtímítà lọ mọ́. Tí ẹ bá gbé ìgò kan náà síta lọ́sàn-án gangan, bíi 18 sẹ̀ǹtímítà ni òjìji rẹ̀ máa kù. Ìyẹn ni pé wákàtí kan ni ẹ ní, tó bá pẹ́ tán wákàtí kan àbọ̀, kí ohun tí ẹ ń wò tó di nǹkan mìíràn. Ẹ yan aago kan, kí ẹ máa jókòó sí i lójoojúmọ́, kí ẹ sì dá ọwọ́ dúró tí àsìkò bá pé, ì báà wù yín bó ṣe wù yín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ tó kun ohunkóhun mìíràn, ẹ fa ìlà yí òjìji kọ̀ọ̀kan po lórí kánfáàsì, kí ẹ má sì tún un fà mọ́. Ẹni tó bá ń lé òjìji kiri, àwòrán rẹ̀ á ní oòrùn mẹ́ta.

Ọyẹ́ tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà á bo ojú ọ̀run, àwọn òkè olókùúta tó wà láyìíká Àkúrẹ́ á pòórá mọ́ wa lójú, oòrùn á wá di roboto funfun tí kò lè gé òjìji mú. Gbogbo àwọ̀ á rọlẹ̀, wọ́n á súnmọ́ ara wọn. Àwọn kan kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀ yìí rárá; lójú tèmi, òun ló dára jù fún ohun funfun. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọjọ́ ọyẹ́ parí àwòrán tí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ oòrùn. Ẹ ní kánfáàsì méjì, kí ẹ máa gbé èyí tó bá ojú ọjọ́ mu.

Nǹkan kéékèèké díẹ̀ kù lórí fèrèsé. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn máa ń dín agbára oòrùn kù, ó ń mú etí òjìji rọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kó le, ẹ ká nẹ́ẹ̀tì náà sókè. Irin tí wọ́n fi dènà olè á ju ìlà sórí tábìlì, ìlà náà sì lè dára nínú àwòrán tí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ lò ó. Kí ẹ sì pa gílóòbù. Tí NEPA bá mú iná dé nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí ẹnì kan má wá tan án láti ṣe yín lóore: ìmọ́lẹ̀ méjì, òjìji méjì, àwọ̀ méjì.

Kí ni ká kó sórí tábìlì?

Ohun mẹ́ta tó. Ẹ mú ọ̀kan tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ tí ìmọ́lẹ̀ kò sì gba inú rẹ̀ kọjá, ọ̀kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, àti ohun kékeré kan tàbí méjì tí àwọ̀ wọn pọ́n. Nínú ilé tèmi, ìyẹn túmọ̀ sí abọ́ tánganran funfun elétí búlúù, ìgò epo pupa, àti àgbálùmọ̀.

Abọ́ tánganran àtijọ́ ni kí ẹ wá, èyí tó ti ṣubú rí. Ibi tí ara rẹ̀ ti ṣí, irin dúdú á yọjú, ìpẹtà á sì ti yí i ká pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. Ojú á ní ibi tó máa bà sí. Tuntun máa ń dán jù, á kàn máa da gbogbo yàrá padà sójú yín. Kẹ́tùrù, ìkòkò irin onídùúdú, igbá, àtùpà elépo, ọmọ ọlọ, gbogbo wọn ló dára. Kòkó náà ń bẹ, ta ló tún yẹ kó kun kòkó bí kò ṣe ará Oǹdó: Oṣù Kẹwàá sí Ìkíní ni ìkórè rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, èyí tó ń ti àwọ̀ ewé bọ́ sí pupa rúsúrúsú, tí àwọ̀ méjèèjì ṣì wà lára rẹ̀, ni kí ẹ bẹ àgbẹ̀ fún.

Ọjà Ọba ni mo ti ń ṣa àgbálùmọ̀ tèmi, torí ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà rẹ̀. Màmá tó ń tà á wò mí títí bí mo ṣe ń gbé ẹyọ kọ̀ọ̀kan sójú oòrùn tí mo ń yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ fi ṣaya?” Mo ní kí wọ́n má bínú, àwòrán ni mo fẹ́ fi yà. Wọ́n ní kí n yáa san owó fọ́tò mọ́ ọn. Ẹ ṣa èyí tí pípọ́n wọn kò dọ́gba: ọ̀kan tó ti pọ́n rokoso, ọ̀kan tí ìdí rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé. Tí àwọ̀ wọn bá dọ́gba, ẹ ó kàn máa kun ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Tí ẹ bá fi ata rodo, tòmátì tàbí ewé sí i, ẹ mọ̀ pé ọyẹ́ kò ní jẹ́ kí wọ́n pẹ́. Ewé á rọ kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó lọ, ata á hunjọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn parí. Abọ́ kò ní sá lọ.

Fún ẹ̀yìn àti abẹ́, ìró tó ti ṣá ló dára jù. Ẹ fi ańkárá àti àdìrẹ sílẹ̀ ná; iṣẹ́ ara wọn á gba ojú lọ́wọ́ abọ́ yín, yíya àpẹẹrẹ ara aṣọ nìkan sì tó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wo ara ògiri pẹ̀lú. Ilé tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé á ju àwọ̀ ewé sínú òjìji yín, ẹ ó sì rò pé ojú yín ló ń ṣe yín.

Ọ̀dà àti pákó

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Àkírílíìkì ló rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, omi ni a fi ń pò ó, omi la sì fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dà olóróró máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, ó ń fún èèyàn láyè láti pa àwọ̀ pọ̀ lórí kánfáàsì. Èyí ó wù kí ẹ mú, tíúbù mẹ́jọ ti tó: titanium white, yellow ochre, cadmium yellow, cadmium red, alizarin crimson, ultramarine, burnt sienna àti burnt umber. Ẹ má ra dúdú. Ultramarine pẹ̀lú burnt umber á fún yín ní dúdú tí ẹ lè mú gbóná tàbí tútù bó ṣe wù yín.

Tí kánfáàsì bá wọ́n, ẹ gé pílíwúùdù kó fẹ̀ ní 30, kó gùn ní 40 sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi sáńpépà ha á, kí ẹ fi gesso (ọ̀dà funfun tí a fi ń tẹ́ ojú pákó kí a tó ya àwòrán lé e) kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ń lo ọ̀dà ògiri dípò gesso. Fún ìdánrawò, kò burú; fún ohun tí ẹ fẹ́ tà, ẹ má dán an wò, ó lè bó. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ po burnt sienna fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ẹ fi nu gbogbo ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ bí òjìji ṣe dúdú tó nígbà tí pákó funfun báláú bá ń ta á lójú.

Búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta: pẹrẹsẹ tó fẹ̀ tó 2.5 sẹ̀ǹtímítà, pẹrẹsẹ 1 sẹ̀ǹtímítà, àti ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn títí di ìparí.

Títò

Ẹ gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ máa gba apá òsì tàbí ọ̀tún wọlé. Tó bá ti ẹ̀yìn yín wá, òjìji á farapamọ́ sẹ́yìn àwọn nǹkan náà, gbogbo rẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń wá láti ibi púpọ̀, ẹ gbé páálí ńlá kan dúró lórí tábìlì, ẹ gé ojú rẹ̀ iwájú àti ẹ̀gbẹ́ kan kúrò, kí ẹ to nǹkan yín sínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ṣí nìkan ni ìmọ́lẹ̀ á máa gbà.

Ẹ jẹ́ kí nǹkan bo ara wọn díẹ̀. Ìgò tó dá dúró lápá kan, abọ́ lápá kan, èso láàárín, bí ẹni ń dúró ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, kò bára mu. Ẹ ti ìgò sẹ́yìn abọ́, kí etí abọ́ gé ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ yí àgbálùmọ̀ kan kúrò lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ẹ wá wo òjìji, torí òjìji náà wà lára ohun tí ẹ ń tò: ibi tí òjìji ìgò bá ti gun orí abọ́, tí ó tẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ tó sì sọ̀ kalẹ̀ sórí aṣọ, ibẹ̀ ni ojú òǹwòran máa kọ́kọ́ lọ.

Ẹ gé ihò sí páálí kékeré kan, kó fẹ̀ ní 6, kó gùn ní 8 sẹ̀ǹtímítà, kó bá ìwọ̀n pákó yín mu. Ẹ dijú kan, kí ẹ máa gba ihò náà wò ó, ẹ sún un síwá sẹ́yìn. Ohun tó bá dúró síta ihò, ẹ má kùn ún. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí ìdí nǹkan kọ̀ọ̀kan po, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ àga yín wà. Ilé tí ọmọdé wà, àgbálùmọ̀ kì í pẹ́ níbẹ̀. Ẹ ra àfikún.

Yíyà, àti wàhálà ẹnu abọ́

Búrọ́ọ̀ṣì àti burnt umber tó ṣàn ni kí ẹ fi yà á, kì í ṣe pẹ́ńsùlù. Ẹ na ọwọ́ yín tán, ẹ dijú kan, ẹ fi igi búrọ́ọ̀ṣì wọn gíga ìgò: abọ́ mélòó ló wà nínú rẹ̀? Ìwọ̀n kan ṣoṣo yẹn ni ẹ ó fi wọn gbogbo ohun tó kù. Tí ẹ bá ká ọwọ́ kò lẹ́ẹ̀kan tí ẹ nà án tán lẹ́ẹ̀kejì, ìwọ̀n ti yàtọ̀ nìyẹn.

Ẹnu abọ́ ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn lágara. A mọ̀ pé roboto ni, ọwọ́ wa á sì fẹ́ yà á ní roboto. Tàbí kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí igun méjèèjì yọ ẹnu ṣóńṣó. Kò sí igun níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ síwájú lọ́wọ́ kan, láìdánu dúró, kí ọwọ́ yí po ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ojú yín bá ṣe ga ju abọ́ lọ tó ni ẹnu rẹ̀ á ṣe là tó. Ìdí abọ́, torí pé ó jìnnà sí ojú yín ju ẹnu lọ sísàlẹ̀, á rí roboto ju ẹnu náà lọ. Òun ló fà á tí kò fi yẹ kí ẹ ya ìdí abọ́ ní ìlà gbọọrọ. Ẹ fa ìlà kan láàárín gbùngbùn ìgò láti òkè délẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba sí i. Tí ìgò yín bá ṣe bí ọ̀mùtí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta kí àwọ̀ tó dé

Ẹ fún ojú yín pọ̀ títí ipénpéjú á fẹ́rẹ̀ pàdé. Àwọn nǹkan kéékèèké á parẹ́, ibi tó mọ́, ibi tó ṣú àti ibi tó wà láàárín nìkan ló máa kù. Ẹ po àwọ̀ mẹ́ta láti inú burnt umber àti funfun, kí ẹ fi kun ẹ̀dà kékeré kan tó mọ ní àtẹ́lẹwọ́ lórí páálí. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ó ti mọ̀ bóyá ohun tí ẹ tò máa dára tàbí kò ní dára. Tí kò bá dára ní àwọ̀ mẹ́ta, cadmium red kò lè gbà á là.

Fóònù á ràn yín lọ́wọ́ níbí: ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ní dúdú àti funfun, ẹ ya ti àwòrán yín náà, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kò kọjá ibẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ń kun àwòrán látinú fọ́tò á gba irọ́ fóònù gbọ́, torí fóònù máa ń sọ òjìji di dúdú kirikiri, tàbí kó là á jù.

Àwọ̀ abọ́ funfun

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá bẹ̀rẹ̀, láti ibi tó ṣú lọ síbi tó mọ́. Ẹ bo gbogbo pákó kí ẹ tó tún ohunkóhun ṣe.

Abọ́ funfun kò funfun. Ẹ lu ihò kékeré sára bébà funfun kan, ẹ gba ihò náà wo ẹ̀gbẹ́ abọ́ tó wà níbi òjìji: ẹ ó rí àwọ̀ eérú, bóyá èyí tó fara jọ aró, bóyá èyí tó fara jọ amọ̀. Àwọn ìwé a máa sọ pé nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá gbóná, òjìji á tutù, pé ẹ fi búlúù sí i. Tí abọ́ bá wà níta lábẹ́ ojú ọ̀run tó mọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ jẹ́ pupa rúsúrúsú, tí ilẹ̀ pupa Àkúrẹ́ tún ń tàn wọlé láti àgbàlá, òjìji lè gbóná ju ibi tí oòrùn bà lọ. Ẹ gba ojú yín gbọ́ ju ìwé lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú titanium white, ultramarine díẹ̀, burnt umber díẹ̀, kí ẹ máa tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún títí tó fi máa bá ohun inú ihò yẹn mu.

Ibi tí oòrùn bà gan-an, ẹ fi yellow ochre bíńtín sí funfun. Inú abọ́ lápá tó dojú kọ àgbálùmọ̀, ẹ tẹjú mọ́ ọn dáadáa: pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti abọ́, èso ló tàn án sí i. Ẹ fi í sí ibi tí ẹ rí i, kó má sì mọ́lẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn bà lọ. Aṣọ abẹ́ abọ́ náà ń tan ìmọ́lẹ̀ padà sí ìdí rẹ̀. Ìyẹn náà wà nínú òjìji, kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú rẹ̀. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lára iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nìyí: wọ́n á rí ìmọ́lẹ̀ padà-dé yìí, inú wọn á dùn, wọ́n á kùn ún funfun, abọ́ á sì fọ́ sí méjì.

Etí búlúù kò jẹ́ àwọ̀ kan náà yípo. Ó mọ́ níwájú oòrùn, ó ṣú títí dé dúdú lápá kejì, ó sì parẹ́ pátápátá níbi kan tí ó ń dán. Ẹ jẹ́ kó parẹ́. Ibi tí tánganran ti ṣí, ẹ fi dúdú tí ẹ pò kàn án lẹ́ẹ̀kan, burnt sienna létí rẹ̀, kí ẹ gbé ọwọ́ kúrò.

Ìgò epo

Epo pupa ní àrékérekè. Láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ ó bá a tó ti dì: ìsàlẹ̀ á ki, ìmọ́lẹ̀ kò ní gbà á kọjá, àwọ̀ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ dà bíi ti ọsàn, òkè nìkan ló máa ṣàn tó máa pọ́n. Bí oòrùn bá ṣe ń wọra, ó ń yọ́, ìlà tó wà láàárín méjèèjì ń sọ̀ kalẹ̀. Lọ́sàn-án, pupa kan náà ló di látòkè délẹ̀. Nítorí náà, ẹ pinnu epo tí ẹ fẹ́ kùn. Mo fẹ́ràn èyí tó dì ní ìdajì, torí ìgò kan fún yín ní àwọ̀ méjì. Tí ẹ bá fẹ́ kó ṣàn jálẹ̀, ẹ gbé ìgò náà sínú omi gbígbóná díẹ̀ kí ẹ tó jókòó.

Ìmọ́lẹ̀ inú ohun tó ṣàn kò rìn bíi ti ara abọ́. Tí oòrùn bá ti apá òsì wá, òsì ìgò ló máa ní ojú dídán kékeré, ṣùgbọ́n àwọ̀ epo á jinlẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀tún, lápá ibi tí oòrùn ti ń jáde, ló máa tàn yòò. Òdì kejì ohun tí ẹ ṣe sí abọ́ ni. Ẹ fi alizarin crimson àti burnt sienna kun apá tó jinlẹ̀, ẹ máa lọ sí cadmium red bí ẹ ṣe ń sún sọ́tùn-ún, kí ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú cadmium red tí cadmium yellow ti bò mọ́lẹ̀. Ẹ má fi funfun sí i. Funfun á sọ epo di ọ̀dà.

Ẹ wá wo orí aṣọ. Nínú òjìji ìgò, ìmọ́lẹ̀ tó la epo kọjá ti ju iná pupa kan sílẹ̀ láàárín gbùngbùn rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo ń tìtorí rẹ̀ lo fèrèsé ìlà-oòrùn, torí kò sí níbi ìmọ́lẹ̀ àríwá, kò sí lọ́jọ́ ọyẹ́ líle. Ẹ kun òjìji yí i ká kó ṣú dáadáa, kí ẹ fi àwọ̀ tó mọ́ ṣoṣo yẹn sí i láìfi búrọ́ọ̀ṣì pa á.

Àgbálùmọ̀ kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́ lẹ́yìn èyí. Ara rẹ̀ kì í dán púpọ̀, nítorí náà ojú dídán rẹ̀ á fẹ̀, á sì rọ̀. Ti ìgò á kéré, á sì mú. Gbogbo ojú dídán, ìparí ni, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí mo ní kí ẹ fi pamọ́.

Tí ọyẹ́ bá ń gbẹ ọ̀dà mọ́ yín lọ́wọ́

Àkírílíìkì lè gbẹ lórí páléètì kí ẹ tó pò ó tán lọ́jọ́ ọyẹ́. Ẹ wá ike oúnjẹ tó ní ìdérí, ẹ tẹ́ fóòmù tí ẹ ti rẹ sínú omi sí i, ẹ tẹ́ bébà tí wọ́n fi ń yan kéèkì lé e lórí, kí ẹ máa po ọ̀dà lórí bébà náà. Tí ẹ bá dé e, ọ̀dà lè wà ní tútù di ọjọ́ kejì. Ẹ fi sọ́kàn pé àkírílíìkì máa ń ṣú díẹ̀ sí i tó bá gbẹ, nítorí náà ẹ po ibi tó mọ́ kó mọ́ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ.

Ẹni tó ń lo ọ̀dà olóróró ní ìṣòro mìíràn: eruku. Ẹ fi ojú àwòrán tútù kọ ògiri kó fi orí dùbúlẹ̀ díẹ̀ síwájú, kì í ṣe sẹ́yìn. Ìpele àkọ́kọ́ kó ní turpentine (omi tí a fi ń la ọ̀dà olóróró) púpọ̀, èyí tó bá gùn ún kó ní òróró linseed jù ú lọ. Tí ẹ bá yí i padà, ojú rẹ̀ á sán. Àkísà tí ẹ fi nu òróró linseed, ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀. Ó lè gbóná fúnra rẹ̀ kó gbiná, pàápàá nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ rì í sínú omi, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí nítorí òórùn turpentine.

Ẹ gbé àwòrán náà síwájú dígí kí ẹ wò ó nínú rẹ̀ kí ẹ tó ní ó ti parí. Ìgò tó bá wọ́, dígí á sọ. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti fèrèsé sẹ́yìn rẹ̀. Fáníìṣì àkírílíìkì lè wọlé tí ọ̀dà bá ti gbẹ dénú. Ọ̀dà olóróró gbọ́dọ̀ lo bí oṣù mẹ́fà kó tó gba fáníìṣì; tí ó bá ki, á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alizarin crimson ìpilẹ̀ máa ń ṣá lójú oòrùn, nítorí náà tí wọ́n bá kọ permanent sára tíúbù, òun ni kí ẹ rà, kí ẹ sì gbé àwòrán náà kọ́ síbi tí oòrùn àárọ̀ kò ní máa bà.